Ọjọ́ Tí Ẹ̀jẹ̀ Bẹ̀rẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Nǹkan Oṣù Yín, Mọ Ọjọ́ Ẹyin, Kí Ẹ sì Mọ Ọjọ́ Orí Oyún Tuntun

"Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?" Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi obìnrin tó bá wá sọ pé òun rò pé òun ti lóyún, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ wa kì í rí dáhùn. Ẹnì kan á ní, "Bí ìparí oṣù tó kọjá ni." Ẹlòmíì á dárúkọ ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá. Ẹlòmíì á kàn wojú ọkọ rẹ̀. Látorí ọjọ́ kan ṣoṣo tí a ò dì mú yìí ni gbogbo yòókù ti ń wọ́: a ń retí ẹyin lọ́jọ́ tí ẹyin kò sí nílé, a ń yẹ oyún wò nígbà tí kò tíì tó yẹ̀ wò, a sì ń bá ara wa jà lórí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé scan.

Ẹ jẹ́ ká tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kékeré àti gègé, tàbí kàlẹ́ńdà inú fóònù yín. Èmi fẹ́ràn ìwé, torí fóònù lè sọnù.
- Ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín bẹ̀rẹ̀ fún ìgbà mẹ́rin tó tẹ̀ léra. Tí ẹ ò bá ní in lọ́wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti èyí tó ń bọ̀.
- Pèlébé àyẹ̀wò oyún méjì. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á.
- Ife tó mọ́ tó sì gbẹ, àti aago.
- Folic acid, ìyẹn fítámì oníhóró kan, èyí tó jẹ́ máíkírógíráàmù 400, tí ẹ bá ń gbèrò láti lóyún.

Tí ẹ bá ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní họ́mọ̀nù nínú, ìkà tó wà nísàlẹ̀ yìí kò bá yín mu títí ẹ ó fi dá a dúró tí nǹkan oṣù yín á sì padà sípò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ọ̀nà tó wà nínú yín

Ojú ara ni ẹnu ọ̀nà. Ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde dá dúró ní tirẹ̀, lókè díẹ̀. Tí ẹ bá gba ojú ara wọlé, ẹ ó kan ọrùn ilé ọmọ, tó dà bí ẹnu kékeré tó pa dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Kí obìnrin tó bímọ rí, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8 lọ. Lókè ilé ọmọ, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọ̀nà ẹyin méjì nà jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Lẹ́bàá ìparí wọn ni ilé ẹyin méjì wà. Ẹnu ọ̀nà ẹyin ní nǹkan bí ìka wẹ́wẹ́ tó ń gbá ẹyin mú nígbà tí ilé ẹyin bá tu ú sílẹ̀.

Inú ọ̀nà ẹyin yìí ni ẹyin àti àtọ̀ ti ń pàdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀, a ó padà síbẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ewu.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: a máa ń pe ibi tí oúnjẹ ń lọ ní ikùn, a tún máa ń pe ibi tí ọmọ wà ní ikùn. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ohun tí ẹ bá mu kò ní gba ibì kankan dé inú ilé ọmọ lọ "fọ̀ ọ́". Ilé ọmọ ń fọ ara rẹ̀: ìtẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó tẹ́ sílẹ̀ de oyún ló ń bọ́ dànù tí oyún kò bá dé, ohun tí a sì ń pè ní nǹkan oṣù nìyẹn. Fífi ọṣẹ tàbí oògùn fọ inú ojú ara náà kò dára. Ó ń pa àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀, àrùn á sì ráyè wọlé.

Àyẹ̀wò: ẹ di ojú, kí ẹ ka ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà láti ìta títí dé ibi tó ti ń bá ẹyin pàdé. Ojú ara, ọrùn ilé ọmọ, ilé ọmọ, ọ̀nà ẹyin. Tí ẹ bá lè kà á láìwo ìwé, ó yá.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ di ọjọ́ kìíní mú

Ọjọ́ kìíní ni ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn débi tí ẹ fi nílò pádì. Ẹ̀jẹ̀ tó kàn tó lẹ́ẹ̀kan, tó dúdú díẹ̀ lára pátá lọ́jọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, kò sí nínú ìkà. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dá kò sí nínú ìkà náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má sọ pé ẹ ó rántí.

Ẹ máa ka ọjọ́ lọ láti ọjọ́ kìíní yẹn títí di ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Iye ọjọ́ yẹn ni gígùn àyípo yín. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, a ó máa lò ó dé òpin:

Ọjọ́ 5 Oṣù Karùn-ún sí ọjọ́ 7 Oṣù Kẹfà: ọjọ́ 33.
Ọjọ́ 7 Oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 8 Oṣù Keje: ọjọ́ 31.
Ọjọ́ 8 Oṣù Keje sí ọjọ́ 11 Oṣù Kẹjọ: ọjọ́ 34.

Èyí tó kúrú jù jẹ́ 31, èyí tó gùn jù jẹ́ 34. Àgbàlagbà obìnrin tí tirẹ̀ bá wà láàárín ọjọ́ 21 sí 35 kò ní ìṣòro kankan níbi gígùn. Ọjọ́ 28 tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ kì í ṣe òfin. Ti àwọn ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ségesège fún ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: "Tèmi kì í yẹ̀, ọjọ́ 5 oṣù ló máa ń wá." Oṣù kan ní ọjọ́ 31, òmíràn 30, Oṣù Kejì ní 28. Ara yín kò mọ orúkọ oṣù. Iye ọjọ́ ni kí ẹ kà.

Àyẹ̀wò: ẹ ní iye ọjọ́ mẹ́ta nínú ìwé yín, ẹ sì ti fa ilà sí abẹ́ èyí tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù. Tí èyíkéyìí bá kéré sí 21 tàbí tó ju 35 lọ léraléra, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya láàárín méjì, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kà á sẹ́yìn kí ẹ lè mọ ọjọ́ ẹyin

Níbí ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó ń wá ọmọ ti ń pàdánù oṣù lórí oṣù. Wọ́n ti gbọ́ pé "ọjọ́ kẹrìnlá ni", wọ́n sì ń ka 14 láti iwájú. Ọjọ́ tó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àti jíjáde ẹyin ló máa ń gùn tàbí kúrú láti ara obìnrin kan sí èkejì. Ọjọ́ tó wà láàárín jíjáde ẹyin àti ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: nǹkan bí ọjọ́ 14 ni. Nítorí náà, ẹ yọ 14 kúrò nínú gígùn àyípo yín.

Lórí àpẹẹrẹ wa: 31 dín 14 jẹ́ 17, 34 dín 14 jẹ́ 20. Ẹyin obìnrin yìí ń jáde láàárín ọjọ́ 17 sí 20. Ẹni tó bá kọjú mọ́ ọjọ́ 14 nìkan, tó wá ní "ó ti parí fún oṣù yìí," ti lọ kí ẹyin tó dé. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 26 ńkọ́? Ọjọ́ 12 ni tirẹ̀.

Ẹyin kì í gbé ju nǹkan bíi wákàtí 24 lọ lẹ́yìn tó bá jáde. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin tó ọjọ́ 5. Ìdí nìyẹn tí ìbálòpọ̀ ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ẹyin fi ṣe pàtàkì ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ: ó dára kí àtọ̀ ti máa dúró de ẹyin. Obìnrin inú àpẹẹrẹ wa á ka ọjọ́ 5 sẹ́yìn láti ọjọ́ 17, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 12 títí dé ọjọ́ 21. Lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì méjì tó. Kí ẹ má sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣekúdórógbó.

Ìkà nìkan kò tó, ẹ jẹ́ kí ara yín jẹ́rìí sí i. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ìka nu ẹnu ojú ara, ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú omi tó bá jáde, kí ẹ rọra yà wọ́n síra. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ibẹ̀ máa ń gbẹ. Tó bá yá, omi náà á funfun, á máa lẹ̀, á sì já bí ìka bá ṣe ń yà. Bí ọjọ́ ẹyin bá ti ń wọlé, á mọ́ gaara, á máa yọ̀, á sì fà gùn láàárín ìka méjèèjì láìjá, bíi funfun ẹyin adìyẹ tí a kò tíì sè. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, á tún padà di lílẹ̀. Ẹ sàmì sí ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹ rí èyí tó ń fà yẹn. Ẹyin wà nítòsí rẹ̀ gan-an.

Ohun méjì mìíràn tún wà. Pèlébé LH, tí a ń ti bọ inú ìtọ̀ láti wá LH, họ́mọ̀nù tó ń mú kí ilé ẹyin tu ẹyin sílẹ̀, máa ń sọ fún yín pé ẹyin á jáde láàárín nǹkan bíi wákàtí 24 sí 36. Ìgbóná ara tí a wọ̀n ní àárọ̀ kí a tó dìde lórí ibùsùn máa ń fi díẹ̀ lọ sókè lẹ́yìn tí ẹyin bá ti jáde. Ó ń jẹ́rìí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni, kì í kéde ohun tó ń bọ̀.

Ibi tí a ti ń ṣìnà, mẹ́ta ni. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè lóyún kó tó rí nǹkan oṣù kankan, torí ẹyin ló ń ṣáájú ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tí ilé ẹyin rẹ̀ kún fún àpò omi wẹ́wẹ́, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní PCOS, lè rí àmì LH láìjẹ́ pé ẹyin jáde. Èkẹta: ẹ má fi ìkà ọjọ́ nìkan dènà oyún. Ọjọ́ ẹyin lè sún nítorí àìsàn, ìrònú tàbí ìrìn àjò.

Àyẹ̀wò: láti ọjọ́ tí ẹ sàmì sí títí di ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tún wá, ẹ kà á. Tó bá wà láàárín ọjọ́ 11 sí 16, ẹ rí i bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dúró, kí ẹ tó yẹ oyún wò

Lẹ́yìn tí ẹyin àti àtọ̀ bá pàdé, oyún kò tíì dé ilé. Ó ń pín sí méjì, sí mẹ́rin, ó sì ń rọra rìn nínú ọ̀nà ẹyin bọ̀ sínú ilé ọmọ. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ láàárín ọjọ́ 6 sí 12 lẹ́yìn tí ẹyin jáde. Kó tó lẹ̀, kò sí hCG, ìyẹn họ́mọ̀nù oyún, nínú ìtọ̀, hCG yìí sì ni pèlébé ń wá. Lẹ́yìn tó bá lẹ̀, iye rẹ̀ á máa di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tó sì sunkún, pèlébé rẹ̀ kò parọ́. Kò tíì sí ohun tó máa rí ni.

Ẹ fi àyípo tó gùn jù nínú ìwé yín ṣírò. Obìnrin wa rí ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ 11 Oṣù Kẹjọ. 34 ló gùn jù. Ọjọ́ 14 Oṣù Kẹsàn-án ni kó ṣe àyẹ̀wò.

1. Ẹ lo ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ tọ̀ ní àárọ̀. Ẹ má mu omi púpọ̀ ṣáájú.
2. Ẹ ti pèlébé bọ ìtọ̀ náà, kí ó má kọjá ilà tí wọ́n fà sí i lára, fún ìṣẹ́jú àáyá tí páálí sọ.
3. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ kà á lásìkò tí páálí sọ; ìṣẹ́jú 3 sí 5 ni ti púpọ̀ nínú wọn.
4. Ilà kan níbi àmì C: kò rí oyún. Ilà méjì, bí èkejì tiẹ̀ ṣe fẹ́ẹ́rẹ́: ó rí i. Tí C kò bá jáde: pèlébé ti bàjẹ́, ẹ lo èkejì.

Ibi tí a ti ń ṣìnà: pèlébé tí a sọ sí ilẹ̀, tí a wá padà wá wò lẹ́yìn wákàtí kan. Ìtọ̀ tó ń gbẹ lè fi ilà eléèérú sílẹ̀ tí kì í ṣe oyún. Ẹ sọ ọ́ nù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ hCG nítorí ìtọ́jú àìrọ́mọbí náà lè rí ilà méjì láìsí oyún. Kó bi dókítà rẹ̀ ọjọ́ tó yẹ kó dúró dì. Ní ti àwọn tó ń bu iyọ̀, ṣúgà tàbí ọṣẹ sínú ìtọ̀, kò sí èyí tó lè dá hCG mọ̀ nínú wọn.

Àyẹ̀wò: C jáde, ẹ sì kà á lásìkò. Tí ilà bá jẹ́ ẹyọ kan tí ẹ̀jẹ̀ kò sì wá, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá tún jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ka ọjọ́ orí oyún bí ilé ìwòsàn ṣe ń kà á

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀ sí, torí ọ̀rọ̀ yìí ti tú ilé ká.

Ọkọ ti ìrìn àjò dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn. Ìwé scan kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọkọ na ìwé sí ìyàwó lójú: "Ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, ta ló ni ín?" Ìyàwó tó mọ̀ pé òun kò ṣe nǹkan kan kò rí ọ̀rọ̀ sọ, torí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un rí.

Ìdáhùn rẹ̀ rèé: ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkà oyún, kárí ayé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ìkà náà, oyún kò tíì sí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹyin ń gbó. Wọ́n ń kà á bẹ́ẹ̀ torí pé ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ ni obìnrin ń fojú rí. Ọjọ́ tí ẹyin àti àtọ̀ pàdé kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọkọ yẹn gan-an ló ni ín. Ẹ fa ilà kan sórí bébà, ẹ kọ ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ẹyin sí àárín, ọjọ́ òní sí òpin, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wò ó.

Ìṣirò ọjọ́ ìbí: ẹ fi ọjọ́ 7 kún ọjọ́ kìíní, ẹ ka oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ 11 Oṣù Kẹjọ á di ọjọ́ 18 Oṣù Kẹjọ, á wá di ọjọ́ 18 Oṣù Karùn-ún ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ 280 nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ní àyípo ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n yìí. Ti obìnrin wa sún mọ́ 33, nítorí náà kó fi 5 kún un: ọjọ́ 23. Ọmọ sì lè wá ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì ṣáájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan náà ló fà á tí scan rẹ̀ fi máa "kéré". Lọ́jọ́ 22 Oṣù Kẹsàn-án, ìkà rẹ̀ á jẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 géérégé, scan sì lè sọ ọ̀sẹ̀ 5 àti ọjọ́ díẹ̀. Ẹyin rẹ̀ ló pẹ́ jáde. Kí ó má rò pé ọmọ kò dàgbà.

Àyẹ̀wò: tí scan tí wọ́n ṣe kí ọ̀sẹ̀ 14 tó pé bá fi ọjọ́ tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ yàtọ̀ sí ìkà yín, ti scan ni wọ́n sábà máa ń mú. Lẹ́yìn náà, wọn kì í tún yí i padà pẹ̀lú scan oṣù tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀sẹ̀ méjìlá àkọ́kọ́

Folic acid ni kí ẹ kọ́kọ́ rí sí. Ọ̀nà tó máa di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti máa ń pa dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà ìkà wa, nígbà tí obìnrin mìíràn kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí oyún tó dé, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó bá ti bí ọmọ tó ní àléébù ọ̀pá ẹ̀yìn rí, tàbí tó ń lo oògùn wárápá, máa nílò èyí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ni kó kọ ọ́ fún un.

Ẹ jáwọ́ nínú ọtí àti sìgá. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta oògùn fún yín pé ẹ lóyún, títí kan àgbo. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wárápá, àtọ̀gbẹ tàbí HIV, ẹ má fúnra yín dá a dúró. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aláboyún kí ọ̀sẹ̀ 12 tó pé. Èébì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹni tí kò bá sì ń bì, kó fara balẹ̀. Ara kò dọ́gba.

Àyẹ̀wò: ẹ ti gba káàdì, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, scan sì ti fi hàn pé inú ilé ọmọ ni oyún wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ mọ ìgbà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la

Ẹ rántí ọ̀nà ẹyin. Nígbà mìíràn oyún kì í dé ilé ọmọ, inú ọ̀nà tóóró yẹn ló máa lẹ̀ mọ́. Pèlébé á fi ilà méjì hàn bíi ti oyún gidi. Bó ṣe ń dàgbà, ọ̀nà náà lè bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà sínú ikùn láìhàn síta. Àmì rẹ̀ sábà máa ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12: ìrora apá kan nísàlẹ̀ ikùn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òòyì tàbí dídákú, àti ìrora lórí èjìká tí ẹ ò mọ ohun tó fà á. Ti èjìká yìí máa ń tan èèyàn jẹ, wọ́n á ní wọ́n sùn sódì ni. Tí oyún bá wà, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án.

Ẹ lọ kíákíá bákan náà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin pádì méjì gbingbin láàárín wákàtí kan, tí ibà bá mú yín, tàbí tí ẹ ò lè mu omi kó dúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí pé oyún ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Tó bá sì jẹ́ pé ó wálẹ̀ lóòótọ́, ẹ gbọ́ mi: nínú oyún 100 tí obìnrin mọ̀ pé òun ní, nǹkan bí 10 sí 20 ló ń wálẹ̀ báyìí. Púpọ̀ nínú wọn, àpapọ̀ ẹyin àti àtọ̀ kò pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ilé, ìbálòpọ̀, ìbínú ọjọ́ kan, kò sí èyí tó fà á. Kí ẹnikẹ́ni má dá yín lẹ́bi.

Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ohun mẹ́rin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ: ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tó kẹ́yìn, ọjọ́ tí pèlébé fi ilà méjì hàn, apá ibi tí ó ń dùn yín, àti irú ẹ̀jẹ̀ yín tí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé kékeré yẹn, kí ọkọ tàbí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú yín sì mọ ibi tí ó wà.